Owó Òkú Ń Yá, Owó Ọmọ Aláìsàn Ń Pẹ́

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wa ní ọjà Ọ̀rẹ̀, ní Òdìgbó àti gbogbo agbègbè rẹ̀,

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu wa lónìí kò dùn, àmọ́ bí a ò bá sọ ọ́ fún ara wa, ta ló máa bá wa sọ ọ́? Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dáa, tí a ò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ ò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Láàárín oṣù kan ṣoṣo, ohun méjì ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa. Èkíní, ìyá ọ̀kan nínú wa kú, ìyá àgbà tó ti jẹ, tó ti mu, tó ti rí ọmọ-ọmọ. Kí ìpàdé ọjọ́ yẹn tó tú ká, a ti yan aṣọ, a ti dá iye tí kálukú máa san, a ti mọ ẹni tó máa bá wa sọ̀rọ̀ ọkọ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí owó fi pé. Ohun tó dáa ni, a ò bá ẹnikẹ́ni wí.

Èkejì, ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Egungun ń ro ó, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ jù, kí wọ́n lọ wá ẹ̀jẹ̀ àti owó wá kíákíá. Ni ìyá ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Ẹnì kan fún un ní díẹ̀. Ẹnì kejì ní kó padà wá tí òun bá tajà. Ẹnì kẹta gbàdúrà fún un. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi kó owó tó yẹ kó rí láàárín wákàtí mẹ́ta jọ. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ ò kú. Àmọ́ ká má tan ara wa, kì í ṣe àwa la gbà á là.

Ohun tó jẹ́ ká jókòó kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Ohun tí à ń wí kò ju ẹyọ kan lọ: kí ẹgbẹ́ wa dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa tó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ àti jẹjẹrẹ, kí owó ti wà nílẹ̀ kí àìsàn tó dé. Àìtètèmólè ni olè fi ń mú olóko. Àìsàn tí à ń sọ yìí, bí a bá pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, òun ló máa mú wa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà. Àìsàn ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù láàárín wa ni èyí tí àwọn bàbá wa ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde. Àwọn dókítà ń pè é ní síkù sẹ́ẹ̀lì, èyí tí a mọ̀ sí SS. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá máa ń rí róbótó, ó rọ̀, ó ń yọ́ kọjá nínú iṣan. Ti ẹni tó jẹ́ SS máa ń le, á tẹ̀ kọrọdọ bí dòjé, á wá há sínú iṣan. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí tí tírélà agbégi bá dábùú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀ sí Benin. Ọkọ̀ iwájú ò lè lọ, ti ẹ̀yìn ò lè dé, ata ń jẹrà nínú àpò, ebi ń pa àwọn tó ń retí ọjà. Bó ṣe ń rí nínú ara ọmọ yẹn nìyẹn. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, ibẹ̀ ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ọpọlọ ni ọ̀nà ti dí, rọpárọsẹ̀ lè mú ọmọ kékeré. Ẹ̀jẹ̀ tó dáa máa ń lo bí 120 ọjọ́ kó tó gbó, ṣùgbọ́n ti SS kì í sábà ju 10 sí 20 ọjọ́ lọ. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ wọn fi máa ń lọ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń wá ẹni tó máa fún wọn lẹ́jẹ̀.

Ní Nàìjíríà yìí, nínú èèyàn 4, bí ẹnì 1 ló jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn. Ẹni tó jẹ́ AS lè gbó, kó tọ́, kó má mọ̀ láéláé. Kódà ó ń dáàbò bo ọmọdé díẹ̀ lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn, ìdí sì nìyẹn tó fi pọ̀ ní ilẹ̀ wa tí ẹ̀fọn ti pọ̀. Ọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí AS bá fẹ́ AS. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bí ọmọ 150,000 tó ní àìsàn yìí ni wọ́n ń bí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè wa. Kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn láyé tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ohun kan wà tí a máa ń gbọ́ nínú ọjà tí kì í ṣe òótọ́. Ẹ ó gbọ́ tí ẹnì kan á ní, "Mo ti bí SS kan, àwọn mẹ́ta tó kù á dáa." Rárá o. Ẹ fi ọsàn mẹ́rin sínú àpò, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tó jẹrà. Ẹ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò, ẹ mú ẹyọ kan, ẹ wò ó, kí ẹ wá dá a padà kí ẹ tó tún mú. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ọwọ́ bọ àpò yẹn ni ẹyọ tó jẹrà wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni oyún kọ̀ọ̀kan rí fún tọkọtaya AS. Ẹlòmíràn á bí mẹ́rin tí ara gbogbo wọn á le. Ẹlòmíràn á bí méjì, kí méjèèjì jẹ́ SS.

Ẹ tún gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa: ọmọ ò lè jẹ́ SS láìjẹ́ pé ó gba S kan lọ́wọ́ ìyá, kó gba S kejì lọ́wọ́ bàbá. Nítorí náà, ìyá ọkọ tó bá ń pe ìyàwó ní àjẹ́ nítorí ọmọ ń ṣàìsàn, kó kọ́kọ́ bi ọmọ tirẹ̀ léèrè pé AS ni tàbí AA. Obìnrin ti jìyà tó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ká tó mọ èyí, kí là ń ṣe? Àbíkú là ń pè wọ́n. À ń sọ wọ́n ní Málọmọ́, Dúrójayé, Kòsọ́kọ́. A ń kọ wọ́n lára, a ń fi iná jó wọn, pé kí ẹgbẹ́ ọ̀run má baà mọ̀ wọ́n mọ́. A ò bú àwọn bàbá wa. Ohun tí ojú wọn tó ni wọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti ń sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí à ń pè bẹ́ẹ̀, àìsàn SS ló pa wọ́n. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí ibà tún kọ lù, kò sí ẹgbẹ́ ọ̀run kankan tó pè é. Ẹ̀jẹ̀ ló ń wá.

Ẹ̀ka kejì ni jẹjẹrẹ ọmọdé. Ọ̀pọ̀ wa rò pé àgbàlagbà nìkan ni jẹjẹrẹ ń mú. Ó ń mú ọmọdé náà. Ọ̀kan tiẹ̀ wà tó mọ ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú ju ibòmíràn lọ. Ní 1958, oníṣẹ́ abẹ kan láti Ireland, Denis Burkitt, tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń wú gànnàkù. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe jẹjẹrẹ náà títí dòní. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ohun tó yẹ ká dì mú níbẹ̀ ni pé jẹjẹrẹ yìí máa ń gbọ́ oògùn, bí wọ́n bá tètè gbé ọmọ dé. Ṣùgbọ́n kí ni wá? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú, a ní eyín ló ń dùn ún. A fi àgbo sí i. A gbé e lọ sórí òkè. Nígbà tí a fi máa dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì wọ̀nyí sọ́kàn: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọrùn tó wú tí kò lọlẹ̀, kókó líle nínú ikùn ọmọ, ojú tí ẹyin rẹ̀ ń tàn funfun bíi ti ológbò lóru, ibà tí kò lọ, ara tó funfun tí kò lẹ́jẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ nímú tàbí lẹ́rìgì, tí ara ń ṣẹ́jẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n nà án. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń jẹ́ jẹjẹrẹ. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ ni dókítà gbọ́dọ̀ rí.

Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ní àwọn ìlú olówó, nínú ọmọ 100 tí jẹjẹrẹ mú, ó lé ní 80 tí wọ́n ń wò sàn. Ní ọ̀pọ̀ ìlú tálákà, kò tó 30. Kì í ṣe pé ara ọmọ tiwa yàtọ̀. À ń pẹ́ ká tó dé, bí a bá sì dé, owó ò sí. Ní 2018, WHO ní òun fẹ́ kó di 60 ó kéré tán káàkiri ayé kí 2030 tó parí. Ọdún yẹn kò jìnnà mọ́.

Ẹnì kan lè ní, "Kí ni owó alátà wa fẹ́ ṣe sí ọ̀rọ̀ tó tóbi tó báyìí?" Ẹ jẹ́ ká sọ ìtàn kan. Ní 1962, òṣèré kan ní Amẹ́ríkà, Danny Thomas, ṣí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Memphis, wọ́n ń pè é ní St. Jude. Ọmọdé tó ní jẹjẹrẹ àti àìsàn ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wò níbẹ̀, SS náà sì wà lára ohun tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lé lórí láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí i, nínú ọmọ 100 tó ní jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lára ọmọdé, bí 4 péré ló ń yè é. Lónìí níbẹ̀, ó ti lé ní 90. Wọn kì í sì gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ òbí. Ta ló ń san án? Èyí tó pọ̀ jù ń wá láti ọwọ́ àwọn èèyàn tí ń dáwó, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe olówó rẹpẹtẹ, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń mú wá. Àjọ nìyẹn, ẹ̀yin ìyá wa. Àjọ tí àwa náà mọ̀ ọ́n dá ju ẹnikẹ́ni lọ.

Nílé wa níbí náà, àwọn èèyàn ò káwọ́ gbera. Ní 1994 ni wọ́n dá Sickle Cell Foundation Nigeria sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olú Akínyanjú ló ṣíwájú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ wọn wà ní Ìdí-Àràbà ní Èkó, ó dojú kọ LUTH. Wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò níbẹ̀, wọ́n ń gba tọkọtaya nímọ̀ràn, wọ́n sì ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ orí ọmọ wò, kí wọ́n lè mọ èyí tí rọpárọsẹ̀ ń bọ̀ wá mú kó tó dé. Fún jẹjẹrẹ, Children Living With Cancer Foundation wà ní Èkó bákan náà, àwọn ọmọ tí òbí wọn ò rówó ìtọ́jú ni wọ́n ń ràn lọ́wọ́. Ní Benin, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn UBTH ti ṣe iṣẹ́ pípààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun fún ọmọ tó ní SS ní 2011.

Ìwádìí náà ti mú oògùn wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní hydroxyurea, wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ tó lé ní 600 ní Angola, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Uganda. Nígbà tí èsì jáde, ìrora dín kù, ibà dín kù, gbígba ẹ̀jẹ̀ dín kù, ikú pàápàá dín kù. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ fún ọmọ, kó sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ má lọ rà á lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì. Ní 2023, ìlú òyìnbó tún fọwọ́ sí ìtọ́jú tuntun kan tó ń tún ẹ̀jẹ̀ ṣe láti ìpìlẹ̀. Owó rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lé ní mílíọ̀nù méjì dọ́là fún ẹnì kan. Ẹ má fò sókè, kì í ṣe ìyẹn la ní ká dáwó fún! Ohun tó ń pa ọmọ tiwa kéré sí ìyẹn gan-an: owó ọkọ̀ láti Ọ̀rẹ̀ dé ilé ìwòsàn UNIMED l'Óǹdó, owó àpò ẹ̀jẹ̀ kan, owó oògùn ibà àti folic acid tí ọmọ SS gbọ́dọ̀ máa lò, owó àyẹ̀wò. Owó tí àwa lè ní ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Ká ní àwa 200 péré ló gbà. Kí kálukú mú 100 náírà wá lọ́sẹ̀. Ó di 20,000 lọ́sẹ̀ kan. Nínú ọdún kan, ó lé ní mílíọ̀nù kan náírà. Kí ni 100 náírà ń rà lọ́jà lónìí? Ẹ̀yin náà ẹ dáhùn.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹgbẹ́ ṣe rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, kí àpò ọmọ yìí dá dúró ní báǹkì, kó má wọ inú owó ìsìnkú tàbí owó ayẹyẹ. Kí èèyàn mẹ́ta máa fọwọ́ sí i. Kí wọ́n máa ka ìṣírò rẹ̀ sétí gbogbo wa lóṣooṣù, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Kí owó máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ilé ìwòsàn.

Èkejì, kí ẹgbẹ́ ní ìwé orúkọ àwọn tó lè fúnni lẹ́jẹ̀: àwọn ọkọ wa, àwọn ọmọ wa tó ti dàgbà, àwa náà tí ara wa bá le. Ọkùnrin lè fúnni lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, obìnrin lẹ́yìn oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ẹ̀jẹ̀ tí a fún ẹlòmíràn kì í tán nínú ara wa, ara á pa òmíràn dá.

Ẹ̀kẹta, kí a tó lọ mọ̀ mí n mọ̀ ọ́, kí a ti mọ jẹ́nótáìpù ọmọ wa àti ti àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò níbi méjì, nítorí àṣìṣe wà. A ò ní ká fipá tú ẹnikẹ́ni ká, àmọ́ kí wọ́n mọ̀ kí aṣọ ẹbí tó délé.

Àwọn kan á sọ pé iṣẹ́ ìjọba ni. Òótọ́ ni, iṣẹ́ ìjọba ni, a ò sì ní dákẹ́ lórí ìyẹn. Àmọ́ ọmọ tó ń fẹ́ ẹ̀jẹ̀ lálẹ́ òní ò lè dúró de ìjọba. Àwọn kan á ní wọ́n á jẹ owó náà. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n máa kà á síta. Ṣé a ti fi ìbẹ̀rù olè pa ọjà tì rí? Àwọn kan á ní ọmọ àwọn ti dàgbà, kò kan àwọn. Ẹ̀yin ìyá, ọmọ-ọmọ ń bọ̀. Àwọn mìíràn á ní àdúrà ló kù. Àwa náà ń gbàdúrà, tọ̀sán-tòru. Àmọ́ ẹni tó ń gbàdúrà kí òjò rọ̀, ó yẹ kó gbé agbada síta.

Ó ku ohun kan tí a ò tíì sọ, òun ló sì dùn wá jù. Ìyá ọmọ tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ó ti san owó aṣọ òkú tirẹ̀ kí àìsàn ọmọ rẹ̀ tó dé. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ san án. Nígbà tí ó ń ti ìsọ̀ dé ìsọ̀, tó ń wá owó ẹ̀jẹ̀, owó tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́, aṣọ ni wọ́n fi ń rà. Kò sí ẹni tó rò ó pé ká dá a padà fún un. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí náà kò rò ó. Ìtìjú wa ni.

A máa gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú Ìyálọ́jà àti gbogbo ilé ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹ wá, ẹ sọ tẹnu yín. Bí ẹ bá ní ọ̀nà tó dáa ju tiwa lọ, ẹ mú un wá. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Owó òkú á máa wà, a ò ní fi àgbà wa sílẹ̀ láìsin. Ṣùgbọ́n kí owó ọmọ ṣáájú.

Ọlọ́run á dá àwọn ọmọ wa sí o. A ò ní fi ọwọ́ wa sin ọmọ.